Wọ́n Ní Aago Mẹ́rin Ni Wọn Yóò Wá Gbé Màmá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú ló ń bí mi bí mo ṣe gbé kálàmù lónìí, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹni tó ni ìtàn yìí ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, láti òkè òkun. Ó ní kí n kọ ọ́ kí àwọn ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun rárá. Mo bi í pé ṣé ọlọ́pàá ń wá a ni. Ó ní rárá, ayé ló ń ba òun lẹ́rù. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rojọ́ rẹ̀ tán, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, àti kọ́tìnnì kan tó pín yàrá náà sí méjì. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bí ọmọ méjì, ọmọ ọdún méje àti ọmọ ọdún mẹ́rin. Màmá rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Màmá ló ń wẹ̀ fún àwọn ọmọ, òun ló ń mú wọn lọ sílé ìwé, òun náà ló ń dúró tì wọ́n tí nọ́ọ̀sì bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ kan ṣoṣo jẹ́ tíṣà, ilé rẹ̀ ò sì ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Àwọn méjèèjì yìí náà ni gbogbo ọmọ tí Màmá bí sáyé.

Ni iṣẹ́ bá dé fún nọ́ọ̀sì lókè òkun. Ilé ìwòsàn kan kọ̀wé pé kó máa bọ̀, òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Físà ènìyàn mẹ́rin. Màmá ò sí nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní ó yẹ kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Màmá ní àsọyé. Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní ṣé ìyàwó òun ti gbàgbé mẹkáníìkì àdúgbò wọn, tó pariwo pé òun ń lọ, tó sì jókòó síbẹ̀ dòní. Ó ní àwọn ọ̀tá ló dí i lọ́nà.

Irọ́ ni o. Ọjọ́ ìbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹkáníìkì kọ sínú fọ́ọ̀mù. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, Télọ̀ náà sì mọ̀.

"Ìyá yín ni o, Bàbá àwọn ọmọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kì í ṣe ìyá tèmi."

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ gan-an, Télọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn tí mo ti fún un lọ́rùn dáadáa. Kì í ṣe ayé ló ń bà á lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù pé tí ẹ̀gbọ́n òun bá gbọ́, yóò béèrè ẹni tí Màmá máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé tí wọ́n bá máa béèrè, òun á ti wà lókè òkun. Tí òun bá débẹ̀, òun á pè é lórí fóònù, òun á bẹ̀bẹ̀, kí ni ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ ṣe? Á gba ìyá rẹ̀ sílé ni. Èèyàn kì í sáà lé ìyá ẹ̀ síta.

Ó rò ó, ó rí i pé ó dára. A kì í gbọ́n tó ẹni tó máa tan ni jẹ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán kóòtù sẹ́yìn kọ́tìnnì, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti àwàdà. Ó ra aṣọ aláwọ̀ eérú kan tó nípọn, ó rán ti ìyàwó, ó rán ti àwọn ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yọjú, á ki gbogbo rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Tíṣà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rán kóòtù márùn-ún. Kóòtù tó nípọn dáadáa. Méjì fún àgbà, mẹ́ta fún ọmọdé.

"Bùọ̀dá mi, nínú oòrùn yìí?"

Tíṣà ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ló fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé. Eré àwọn tó ń gbé orí òkè ni. Télọ̀ ní kí àwọn òṣèré náà wá, kí òun wọ̀n wọ́n. Tíṣà ní kò pọn dandan, kó kàn fi ìwọ̀n òun, ti ìyàwó òun àti ti àwọn ọmọ òun mẹ́ta rán an, pé ara wọn ò yàtọ̀ sí ti àwọn òṣèré náà.

Ẹ gbọ́ o. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọkùnrin yìí ti ń fi téèpù wọn ènìyàn. Kò bi ara rẹ̀ pé irú eré ilé ìwé wo ló ń fẹ́ kóòtù tó bá ìyàwó tíṣà mu géérégé. Níbo ló ti máa ráyè bi ara rẹ̀? Kọ́tìnnì ló ń ṣọ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà fọwọ́ kàn án. Ó gba iṣẹ́ náà kíákíá. Ó tiẹ̀ fi èyí tó ṣẹ́ kù lára aṣọ aláwọ̀ eérú rán ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ò jẹ́ kí aṣọ ṣòfò.

Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́, ọ̀rọ̀ náà ń wu ú sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá a tú òwú lára ṣòkòtò kan tí wọ́n fẹ́ tún rán. Màmá ò gbójú sókè. Ó kàn ní òun rí i pé gbogbo ilé ń kánjú lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ṣé kò sí nǹkan?

Télọ̀ ní òun la ẹnu. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n òun.

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Tó bá wà, ẹ sọ fún mi," ni Màmá wí. "Mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Àdúrà ni n óò gbà."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún nígbà tó sọ ibí yìí fún mi. Mo jẹ́ kó sunkún. Mi ò sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́.

Ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni. Nígbà tó ku ọ̀la, Télọ̀ sọ fún Màmá pé ọ̀rẹ́ ìyàwó òun kan ń ṣe ìgbéyàwó nílùú mìíràn, gbogbo àwọn sì ń lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí Màmá wá lo ọjọ́ mẹ́ta náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ de àríyànjiyàn, nítorí Tíṣà kì í gba nǹkan bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kíá ni Tíṣà gbà. Ó ní kí Màmá di ẹrù kékeré kan, kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun fúnra òun á wá gbé e ní aago mẹ́rin.

Télọ̀ jáde, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun rò nínú òun pé Ọlọ́run ti bá òun ṣe é. Ọlọ́run wo? Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run sí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dàgbére. Màmá fẹnu ko àwọn ọmọ lójú, ó ní kí wọ́n má ṣe wàhálà níbi ìgbéyàwó. Nọ́ọ̀sì ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Pápákọ̀ òfuurufú tutù, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ìlà àwọn tó ń fi ẹrù sílẹ̀ sì gùn bí ìròyìn òfófó. Télọ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Nọ́ọ̀sì pọn ọmọ kékeré sẹ́yìn. Èyí àgbà wọ kóòtù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bó ṣe rí lára.

"Dádì," ni ọmọ náà wí, "ẹ wo kóòtù mi lára ẹnì kan."

Télọ̀ wo iwájú. Lóòótọ́, ọmọ kan wà níbẹ̀ tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú. Ọmọ mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó wọ irú rẹ̀. Ẹ̀kẹta jókòó lórí àpótí. Télọ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ àwọn etí náà pẹ̀lú, nítorí etí bàbá wọn ni.

Tíṣà yí ojú padà.

"Àbúrò."

"Bùọ̀dá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn àgbàlagbà méjèèjì yìí ṣe fún yín. Télọ̀ ní òun wá sin ẹnì kan ni. Pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Tíṣà ní kò burú, pé ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ti fẹ́ lọ ṣe eré náà. Àwọn ènìyàn máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ ti àwọn wọ̀nyí ò lọ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Ìyàwó Tíṣà ló tú àṣírí. Ó ní ilé ìwé kan ló gba ọkọ òun lókè òkun; àṣé orílẹ̀-èdè kan náà tí wọ́n ti gba nọ́ọ̀sì ni. Ọkọ òun ló ní àwọn ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ayé. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́ létí.

Ìgbà náà ni ẹnu àwọn ọkùnrin méjèèjì kò lórí ọ̀rọ̀ kan:

"Ta ló wà lọ́dọ̀ Màmá?"

Tíṣà ní, "Ìwọ ni Màmá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀. O ní ọjọ́ mẹ́ta péré."

Télọ̀ ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ó wá gbé wọn ní aago mẹ́rin."

Tíṣà ti gbà pé tí òun ò bá wá, Màmá á kàn padà wọlé, Télọ̀ á sì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Télọ̀ ti gbà pé tí òun ò bá padà, Tíṣà á ti gbé Màmá sọ́dọ̀. Olúkúlùkù ti fi ìyá rẹ̀ lé ẹnì kejì lọ́wọ́, ó ti gba ẹ̀yìn sá lọ. Òkété dàgbà, ó fẹ́ mu ọmú ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ ti gbé ọmú sá.

Aago mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń lù. Wọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ òfuurufú náà. Láti ibẹ̀ dé ilé tó wákàtí méjì.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Kí ọkọ òun padà sílé, kó lo ọ̀sẹ̀ kan péré pẹ̀lú Màmá, kó wá ẹni gidi tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì bá ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá. Òun á máa kó àwọn ọmọ lọ ná. Tàbí kí Bùọ̀dá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣáà.

Ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọjọ́ méje.

Tíṣà ní òun lẹ̀gbọ́n, àbúrò ló ń jẹ́ iṣẹ́. Télọ̀ ní ẹ̀gbọ́n ló ń jogún ilé, kó jogún ìyá pẹ̀lú. Wọ́n ń bá a lọ báyìí, ìlà ń sún, àwọn náà ń sún tẹ̀lé e. Olúkúlùkù mọ ohun tó ń ba ẹnì kejì lẹ́rù: ẹni tó bá padà, ọwọ́ rẹ̀ ni Màmá máa kù sí.

Fóònù Télọ̀ dún. Màmá ni.

"Ẹ ti dé ibi ìgbéyàwó náà bí?" ni Màmá béèrè. "Bùọ̀dá rẹ ò tíì dé o. Mo mọ̀ pé aago mẹ́rin ò tíì lù. Mo ti wọ bàtà mi ni mo ṣe ní kí n pè."

Télọ̀ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tíṣà mi orí, ó ń fi ọwọ́ ṣe é pé kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sọ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti wà lọ́nà, Màmá," ni Télọ̀ wí. "Ẹ dúró dè wọ́n níbẹ̀."

"Ó dáa. Mi ò ní kúrò níbí."

Télọ̀ pa fóònù. Mo bi í pé kí ló ṣe é tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní ó mọ̀.

Nọ́ọ̀sì wo àwọn méjèèjì látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà ni yín lóòótọ́." Kò tún bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi balẹ̀ lókè òkun. Ìlà kan péré ló wà láàárín ìjókòó Télọ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkọ̀, síbẹ̀ àwọn náà ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Yàrá tí ilé ìwòsàn fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì méjì àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìyá méjì yìí jókòó sí lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n ń ti fóònù sí ara wọn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ló gbà á, tó tẹ nọ́ńbà Màmá, tó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́.

"Ṣé ẹ dé láyọ̀?" Ọ̀rọ̀ tí Màmá kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Kò pariwo. Ó kàn rò ó fún wọn bó ṣe rí. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó pe Télọ̀, kò wọlé. Ó pe Tíṣà, kò wọlé. Ó rò pé ọkọ̀ ti gbá àwọn ọmọ òun méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ń sunkún lọ lójú títì títí tó fi dé ilé Tíṣà. Ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, ẹni tí Tíṣà ta bẹ́ẹ̀dì náà fún.

"Òun ló sọ fún mi pé ara yín le, pé òkè òkun lẹ lọ," ni Màmá wí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Mo ti rò pé ẹ ti kú."

Tíṣà fi ọwọ́ bojú. Télọ̀ ń sọ pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Màmá ní òun ò bínú. Ó béèrè bóyá òtútù ń mú àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé wọ́n wà dáadáa.

"Màmá, ta ló wà lọ́dọ̀ yín nílé?" ni Télọ̀ béèrè.

"Mi ò sí nílé mọ́. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé."

"Ibo lẹ wá wà?"

"Ibi tó dára ni."

"Ibo ni, Màmá?"

Màmá ní, "Ẹ ò sọ ibi tí ẹ ń lọ fún mi, mo sì ti fi orí jì yín. Ẹ̀yin náà, ẹ fi orí jì mí."

Ọdún kẹta rèé, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni Télọ̀ ń pe Màmá. Màmá máa ń gbé e, á rẹ́rìn-ín, á béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ń gbé nìkan ni kì í sọ. Ó ní kí wọ́n má fi nǹkan kan ránṣẹ́, òun ò ṣaláìní. Onílé wọn tẹ́lẹ̀ ní obìnrin kan ló wá mú un, òun ò sì mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ tún gbọ́ èyí, kí ẹ lè mọ̀ pé àìsàn ọgbọ́n àgbọ́njù kì í tètè sàn. Tíṣà gbà pé Màmá ti sọ fún Télọ̀, pé Télọ̀ ló ń fi pamọ́ fún òun. Télọ̀ náà ń ṣọ́ Tíṣà. Tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á máa fi ọgbọ́n wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn.

Mo bi Télọ̀ pé kí ló dé tí kò fi wọ ọkọ̀ wá sílé kó wá ìyá rẹ̀ kiri. Ìwé rẹ̀ ti pé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá ní tí òun bá kọ́kọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n òun lè ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti débẹ̀, kí òun kúkú dúró ti Màmá. Ọlọ́run ló mọ̀ pé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ní òbí tó ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì sọ ohun tó wà lọ́kàn yín fún wọn. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ sọ pé ẹ ń lọ.

Nǹkan tó jẹ́ kí Télọ̀ pè mí ṣẹlẹ̀ ní Sunday tó kọjá. Ó ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ohùn obìnrin kan bá dún láti inú yàrá tí Màmá wà. Obìnrin náà ní, "Màmá, ẹ wá jẹun o, oúnjẹ ti ń tutù."

Màmá ní, "Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

Télọ̀ rò pé òun ni Màmá ń dá lóhùn. Ó ti ń dáhùn pé, "Ẹ máa bọ̀, Màmá, à ń retí yín," kó tó mọ̀ pé Màmá ti gbé fóònù sílẹ̀.